Kí Á Tó Kan Ẹ́ńjìnnì: Àtúnṣe Alùpùpù Fún Ìrìn Àjò Jíjìn

Ẹ̀yin òǹwòran wa, ẹ kú ìkàlẹ̀. Àkúrẹ́ ni a wà, ní iwájú ilé mi, alùpùpù tí ẹ sì ń wò yìí ni mo fi ń lọ sí Èkó, tí mo ń gba Oǹdó, Ore àti Ìjẹ̀bú-Òde kọjá, ìrìn tó tó nǹkan bí 300 kìlómítà. Suzuki V-Strom 650 ni, ti ọdún 2012. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ 645 cc, táǹkì rẹ̀ ń gba 20 lítà epo, ìwọ̀n rẹ̀ sì lé ní 210 kìlógíráàmù kí ẹnikẹ́ni tó gùn ún. Ìrìn àjò ni wọ́n ṣe é fún lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọn tó ṣe é kò mọ bí ẹ ṣe ga tó, wọn kò mọ ìwọ̀n yín, wọn kò sì rí kòtò ọ̀nà tiwa rí. Ìdí nìyẹn tí àtúnṣe fi di dandan.

Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tó bá ra irú alùpùpù yìí, sàlẹ́ńsà tó ń pariwo ni wọ́n kọ́kọ́ ń wá. Èrò tèmi yàtọ̀. Lẹ́yìn wákàtí mẹ́ta lójú ọ̀nà, ẹ́ńjìnnì kò tíì mọ ohun tó ń jẹ́ àárẹ̀. Ìdí, ẹ̀yìn, ọrùn àti ọrùn ọwọ́ ẹni tó ń gùn ún ló ń pariwo. Ẹni tó bá sì ti rẹ̀, ojú rẹ̀ kì í tètè rí kòtò, ọwọ́ rẹ̀ kì í sì í tètè dé ìjánu. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́: agbára tí a fi kún ẹ́ńjìnnì kò lè wo ẹ̀yìn tó ń dun ni sàn.

Nítorí náà, kí ẹ tó na ọwọ́ sí sípánà, ẹ gun alùpùpù yín lọ sí Oǹdó kí ẹ sì padà, kí ẹ wá kọ ibi tó ń dùn yín sílẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ìdí, ẹ wo àga. Bí ó bá jẹ́ èjìká àti ọrùn ọwọ́, hándù ló jìnnà sí yín. Orúnkún tó bá ń ro ni, àyè tó wà láàárín àga àti ibi ìtẹ̀sẹ̀ ti kéré jù. Ohun kan ṣoṣo ni kí ẹ máa pààrọ̀ lẹ́ẹ̀kan, nítorí pé bí ẹ bá pààrọ̀ mẹ́rin pọ̀, ẹ kò ní mọ èyí tó ṣe yín lóore, ẹ kò sì ní mọ èyí tó ba iṣẹ́ jẹ́.

Sọ́ọ̀kì ni mo fẹ́ kí á pẹ́ lé lórí jù, nítorí òun ni àwọn ènìyàn kì í ráyè fún. Ẹ sún mọ́ iwájú alùpùpù yìí. Okùn ike tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni mo so yí ọ̀pá dídán tó ń wọlé tó ń jáde yìí ká, kí n lè máa rí ibi tó wọlé dé. A ti gbé táyà iwájú kúrò nílẹ̀, àbúrò mi sì ti fi tépù wọn gígùn ọ̀pá tó hàn síta. Ní báyìí, a ti sọ táyà kalẹ̀; mo dé akoto, mo wọ gbogbo aṣọ tí mo fi ń rìn, mo jókòó bí ẹni tó fẹ́ gbéra, àbúrò mi sì tún un wọ̀n. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín ìwọ̀n méjèèjì ni bí alùpùpù ṣe ń rì lábẹ́ mi. Gbogbo ìrìn sọ́ọ̀kì iwájú yìí jẹ́ 150 mílímítà, ó sì yẹ kí ó rì ní ìdá kan nínú mẹ́rin sí ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀, èyí tí í ṣe nǹkan bí 38 sí 50 mílímítà. Nígbà tí mo kọ́kọ́ wọn tèmi, 62 ló rì. Èyí já sí pé kí n tó kan kòtò kankan rárá, mo ti jẹ ju ìdá méjì nínú márùn-ún lọ nínú àyè tí sọ́ọ̀kì ní láti fi gba kòtò náà, bí mo bá sì já sínú ọ̀kan tó jìn, irin a lu irin.

Ìdè tí ẹ ń wò lórí sọ́ọ̀kì yìí ni a fi ń fún sípíríìngì mọ́ra. Ti ẹ̀yìn ní ohun ribiti kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ tí a ń fi ọwọ́ yí. Mo fún ti iwájú títí ó fi rì ní 48. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn: fífún un kò mú kí sípíríìngì le sí i, ó kàn ń gbé alùpùpù sókè nínú ìrìn rẹ̀ ni. Bí ẹ bá fún un dé òpin tí ó ṣì ń rì jù, sípíríìngì náà kò tó yín gbé, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ sí èyí tó le jù ú lọ, kí ẹ sì fi òróró sọ́ọ̀kì tuntun sí i. Ní ọ̀nà Ìdànrè, níbi tí ọ̀nà ti ń yí láàárín àpáta, mo rí àǹfààní rẹ̀ lọ́jọ́ kan náà: bí mo bá tẹ ìjánu kí n tó wọ kọ́nà, imú alùpùpù kò dojú bolẹ̀ mọ́.

Àga ló kàn. Àga tó rọ̀ kọ́ ni àga tó tura. Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ fóòmù yìí mọ́lẹ̀. Bí ìka bá kan pákó ìsàlẹ̀ wẹ́rẹ́, egungun ìdí yín náà yóò kàn án kí wákàtí kan tó pé. Àwọn tó ń rán àga mọ́tò ní Àkúrẹ́ níbí lè fi fóòmù tó le dí i, kí wọ́n sì tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ, nítorí pé ọ̀pọ̀ àga ló dagun síwájú, tó ń ti ènìyàn lọ bá táǹkì. Ẹ rí i pé ẹsẹ̀ yín ṣì ń kanlẹ̀ dáadáa lẹ́yìn tí wọ́n bá ṣe é tán. Tèmi ti ga ní 835 mílímítà tẹ́lẹ̀.

Gbígbé hándù sókè dára, ṣùgbọ́n mo ti rí ewu rẹ̀. Mẹkáníìkì kan fi 30 mílímítà kún tèmi, mo sì gùn ún lọ sí Ọjà Ọba. Bí mo ṣe yí hándù dé òpin apá òsì, ẹ́ńjìnnì ké sókè fúnra rẹ̀, ó gbé mi lọ síwájú, díẹ̀ ló kù kí n wọ àtẹ ìyá kan tó ń ta tòmátò. Wáyà epo ti kúrú jù fún ibi tí hándù wà, yíyí tí mo sì yí i ló fà á. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá fọwọ́ kan hándù ẹnikẹ́ni, màá gbé jíà sí òfo, màá jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́ jẹ́ẹ́, màá wá yí i dé òpin òsì àti òpin ọ̀tún. Bí ohùn ẹ́ńjìnnì bá yí padà, tàbí bí rọ́bà ìjánu bá nà tantan, alùpùpù náà kò gbọdọ̀ kúrò nílé.

Ní ti gíláàsì iwájú, gíga nìkan kọ́. Afẹ́fẹ́ tó bá gba orí gíláàsì kọjá a máa fi àyè òfìfo sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, afẹ́fẹ́ mìíràn a wá ya wọ ibẹ̀ ní rúdurùdu, òun ló ń gbọn akoto mọ́ni lórí. Bóòtù ìdè tó gùn díẹ̀ àti rọ́bà tó nípọn tí mo fi sí abẹ́ tèmi ti ya gíláàsì náà kúrò lára alùpùpù, afẹ́fẹ́ díẹ̀ ń gba abẹ́ wọlé láti dí àyè òfìfo náà, orí mi sì dúró.

Bí ẹ bá fẹ́ gbé ènìyàn tàbí ẹrù, ẹ fún sọ́ọ̀kì ẹ̀yìn mọ́ra sí i, kí ẹ sì kún afẹ́fẹ́ táyà ẹ̀yìn. Tèmi ń gba 36 psi fún ẹnì kan, ó ń gba 41 fún ènìyàn méjì. Ẹrù wúwo kò yẹ inú àpótí tó wà lẹ́yìn pátápátá, nítorí pé yóò mú iwájú fúyẹ́, hándù yóò sì máa gbọ̀n. Ìsàlẹ̀, ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ni kí iṣu àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ẹ rà ní Ìdànrè wà.

Ẹ́ńjìnnì wá kù, n kò sì ní pẹ́ níbẹ̀. Sípírókẹ́ẹ̀tì, ìyẹn irin eléyín tí ṣéènì ń yí lé lórí, ti iwájú tèmi ní eyín 15, ti ẹ̀yìn ní 47. Bí ẹ bá fi oní-16 síwájú, ẹ́ńjìnnì yóò fi nǹkan bí ìdá 6 nínú 100 dín yíyí rẹ̀ kù lórí eré kan náà, ṣùgbọ́n gbígbéra lórí òkè yóò fà díẹ̀. Ṣéènì kò gbọdọ̀ le ju bó ti yẹ lọ: àyè 20 sí 30 mílímítà ni tèmi ń fẹ́. Nígbà ọyẹ́, ẹ máa yẹ asẹ́ afẹ́fẹ́ wò léraléra, nítorí pé eruku tó bá kọjá rẹ̀ a máa ha inú ẹ́ńjìnnì. Omi ìjánu sì ń fa omi mọ́ra látinú afẹ́fẹ́, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ ní ọdún méjì méjì. Owó sàlẹ́ńsà aláriwo tó gbogbo èyí ṣe, yóò sì tún ṣẹ́kù.

Lẹ́yìn àtúnṣe kọ̀ọ̀kan, ẹ padà sí ọ̀nà Oǹdó yẹn kan náà, pẹ̀lú ìwé tí ẹ kọ. Ẹ wo orí nọ́ọ̀tì yìí: ọ̀dà funfun ni mo fà láti orí rẹ̀ dé ara irin tó dè mọ́. Bí mo bá délé tí ìlà náà kò bá ara rẹ̀ mu mọ́, nọ́ọ̀tì ti ń tú nìyẹn, kí n sì tó bọ́ akoto, màá ti mú sípánà.