Capito Mẹ́ta, Àmì Kan

Wálé: Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa ní Ítálì. Àǹtí Bọ́lá, ẹ ṣèlérí pé ẹ máa tú capito, ọ̀rọ̀ Ítálì yẹn, fún wa lónìí.

Bọ́lá: Wálé, ṣé o mọ igbá, igba, ìgbà àti igbà? Lẹ́tà kan náà ni, ohùn ló yà wọ́n. Bẹ́ẹ̀ ni capito rí, àmọ́ ibi tí wọ́n bá tẹnu mọ́ ló ń yà á. CA-pi-to: mo ṣàdédé yọ síbì kan. Ca-PI-to: ó ti yéni. Ca-pi-TÒ: ó ṣẹlẹ̀. Èyí tó kẹ́yìn nìkan ni wọ́n ń fi àmì sí.

Wálé: Báwo wá ni èèyàn ṣe máa mọ àwọn yòókù?

Bọ́lá: Bí wọ́n bá tẹnu mọ́ sílébù ìkẹyìn, àmì á wà níbẹ̀: parlò, "ó sọ̀rọ̀"; parlerò, "màá sọ̀rọ̀". Bí àmì ò bá sí, sílébù kejì láti ẹ̀yìn ló pọ̀ jù: par-LA-vo, par-LIA-mo. Má pín "lia" yẹn sí méjì o, ẹyọ kan ni. Ibi tí wàhálà wà ni ti "wọ́n", bíi parlano, "wọ́n ń sọ̀rọ̀".

Wálé: Par-LA-no!

Bọ́lá: Rárá o, PAR-la-no. Ibi tí o tẹnu mọ́ nínú PAR-lo, ibẹ̀ náà ni. "No" tó wá lẹ̀ mọ́ ọn nídìí kò ṣí i nípò. A-bi-to, "mò ń gbé"; A-bi-ta-no, "wọ́n ń gbé".

Wálé: Háà! Sílébù kẹrin láti ẹ̀yìn! Ọdún mẹ́ta ni mo fi ń sọ a-bi-TA-no níbi iṣẹ́, wọ́n á ní kí n tún un sọ.

Bọ́lá: Pẹ̀lẹ́. Àwa, ohùn la fi ń ya ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀. Àwọn, agbára ni wọ́n fi ń pe sílébù kan ju ìyókù lọ, wọ́n sì máa ń fà á. Ṣùgbọ́n etí wa mọ̀ ọ́n. Wo kọ̀ǹpútà: ibi tí òyìnbó ti tẹnu mọ́ ọn gan-an la fi ohùn òkè sí. Ṣe bẹ́ẹ̀ fún ti Ítálì, kí o wá fà á díẹ̀.

Wálé: Leggere, "kà", àti vedere, "rí", ńkọ́?

Bọ́lá: LEG-ge-re, ve-DE-re. Àwọn tó parí sí "ere" yìí, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wàá kọ́ wọn. "G" méjì yẹn náà, pín wọn: ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn. Ó yá, pe telefonano.

Wálé: Te-le-FO...

Bọ́lá: Te-LE-fo-no ni "mò ń pè lórí fóònù."

Wálé: Te-LE-fo-na-no.

Bọ́lá: Fa "LE" yẹn sí i.

Wálé: Te-LEE-fo-na-no.

Bọ́lá: Ẹ̀hẹ́n!