Ọtí tó ti di bárakú: báwo ni wọ́n ṣe ń tọ́jú ẹ̀?

Ẹ kú ìjókòó o, gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ń wò wá láti Kétu, láti Àjàṣẹ́, láti Ṣábẹ̀ẹ́ àti níbikíbi tí ẹ bá wà. Ọ̀rọ̀ ọtí la bá dé lónìí. Mi ò wá wàásù o. Ẹni tí ọtí ti di bárakú fún ti gbọ́ ìwàásù, ó ti gbọ́ èébú. Bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ẹ̀ gan-an ni wọn kì í sọ fún un.

Ibi tó léwu jù ni mo ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ìyẹn ọjọ́ tó bá fi ọtí sílẹ̀.

Ẹ gbọ́ bó ṣe sábà máa ń rí. Baálé ilé kan ti ń mu sódàbì láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́, fún ọdún gbọọrọ. Ẹbí pe ìpàdé, wọ́n ní ó tó gẹ́ẹ́. Wọ́n kó ìgò kúrò nílé, wọ́n ti ọkùnrin náà mọ́ yàrá, tàbí kí wọ́n mú un lọ sílé àdúrà. Nígbà tó máa fi di ọjọ́ kejì, ọwọ́ ẹ̀ ń gbọ̀n débi pé kò lè gbé ife omi dé ẹnu. Ó ń làágùn, ó ń bì, kò rí oorun sùn. Ọjọ́ kẹta, ó ń ṣa kòkòrò tẹ́nikẹ́ni ò rí lára aṣọ, ó ń bá bàbá ẹ̀ tó ti kú sọ̀rọ̀. Àwọn kan á ní ọwọ́ ayé ni. Àwọn kan á ní orí ẹ̀ ti dàrú, kí wọ́n wá ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀.

Bẹ́ẹ̀, ọtí tí wọ́n já gbà lọ́wọ́ ara lójijì ló fa gbogbo ẹ̀. Ọtí a máa mú ọpọlọ rọlẹ̀. Ẹni tó bá ń mu ún lójoojúmọ́, ọpọlọ ẹ̀ á kọ́ bí wọ́n ṣe ń sáré ju ti tẹ́lẹ̀ lọ kó má bàa sùn lọ. Ẹ wo zémìjàn tó di kẹ́ẹ̀gì bẹntiróò rẹpẹtẹ, tó ń gun òkè, tó ti fún ọ̀kadà níná títí. Bí ẹ bá já gbogbo kẹ́ẹ̀gì yẹn sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, tí kò sì tíì dẹ iná, ẹ mọ bí ọ̀kadà náà ṣe máa fò.

Gbígbọ̀n ọwọ́ sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láàárín wákàtí 6 sí 24 lẹ́yìn ife tó mu kẹ́yìn. Gìrì lè mú un láàárín wákàtí 6 sí 48. Ìrànrán, ara gbígbóná àti kí èèyàn má mọ ibi tó wà mọ́ sábà máa ń dé láàárín wákàtí 48 sí 96, ìyẹn sì lè pa á. Kì í ṣe gbogbo ọ̀mùtí ló ń bá débẹ̀. Ọ̀pọ̀ á gbọ̀n fún ọjọ́ díẹ̀, á sì lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí gìrì ti mú rí, àgbàlagbà, aláboyún, ẹni tí ẹ̀dọ̀ ẹ̀ kò dáa mọ́, ẹ má ṣe dán an wò nílé. Ará Kétu, ilé ìwòsàn àgbègbè yín wà ní Pobè. Ará Àjàṣẹ́, ẹ ní ilé ìwòsàn ńlá ti Ouémé àti Plateau. Ṣábẹ̀ẹ́ náà ní tiẹ̀.

Kí ni wọ́n máa ṣe níbẹ̀? Oògùn tó ń fi ọpọlọ lọ́kàn balẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń lò, irú diazepam tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí Valium. Wọ́n á fún un tó pọ̀ díẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́, wọ́n á máa dín in kù lójoojúmọ́, nígbà tó bá fi máa tó ọ̀sẹ̀ kan, ó ti sábà máa ń tán. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lọ rà á lọ́wọ́ àwọn tó ń gbé oògùn lórí àwo kiri ọjà. Òun náà lè di bárakú, bó bá sì pàdé ọtí nínú ara, ó lè dá èémí dúró.

Èkejì ni fítámì B1. Ọ̀mùtí kì í jẹun dáadáa, ọtí náà kì í sì í jẹ́ kí ara gba ìwọ̀nba tó jẹ. Bí B1 bá tán lára pátápátá, ojú á máa yí, ẹsẹ̀ á máa ta gọ́ọ́gọ́ọ́ láìmu nǹkan kan, iyè lè ra tí kò sì ní padà mọ́. Dókítà ará Jámánì kan, Carl Wernicke, ló ṣàpèjúwe rẹ̀ ní 1881. Nítorí náà, bí ẹ bá gbé ọ̀mùtí tí kò jẹun lọ́jọ́ mélòó kan dé ilé ìwòsàn, ẹ má tijú. Ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì pé ó ń mutí, kí wọ́n lè fún un ní B1 kí wọ́n tó fa omi aláṣúgà sí i lára. Mo mọ̀ pé ìyàwó á fẹ́ bo àṣírí ọkọ. Ti ibí yìí kọ́ o.

Bí ilé ìwòsàn bá jìnnà, tí owó kò sì tíì sí, kó máa dín ọtí náà kù díẹ̀díẹ̀ sàn ju kó gé e lójijì lọ. Ó lè dùn yín, àmọ́ bẹ́ẹ̀ ni.

Bí ara bá ti balẹ̀, iṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni. Oògùn wà tí kì í jẹ́ kí èèyàn padà síbẹ̀. Naltrexone máa ń gba adùn lára ọtí: ọtí á dé ọ̀fun, ṣùgbọ́n ayọ̀ tó ń tẹ̀ lé e kò ní pọ̀ mọ́. Hóró 50 mílígíráàmù lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́ ni wọ́n sábà máa ń kọ. Bí ẹni náà bá ń lo tramadol, bí àwọn ọlọ́kadà kan ti ń lò ó kó má rẹ̀ wọ́n, kó jẹ́wọ́ fún dókítà, torí àwọn méjèèjì kò ṣeé pò pọ̀. Acamprosate, tí wọ́n ti ń lò ní Faransé láti 1989, wà fún ẹni tó ti fi ọtí sílẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́ ni wọ́n ń lò ó, kíndìnrín ni wọ́n sì ń ṣọ́ sí i.

Disulfiram ló gbọ́njú jù. Lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, àwọn ará Denmark méjì, Jens Hald àti Erik Jacobsen, ń wá oògùn aràn. Wọ́n kọ́kọ́ dán an wò lára ara wọn. Ìgbà tí wọ́n fi ọtí díẹ̀ tẹ̀ lé e, ojú pọ́n, àyà ń lù kìkì, èébì dé. Ibẹ̀ ni wọ́n ti mọ̀ pé ẹni tó bá lo oògùn yìí kò ní lè mutí. Àwọn ìyàwó wa náà ní tiwọn: nǹkan kan tí wọ́n máa bù sí ẹmu ọkọ láìsọ fún un, kó lè bì í, kó sì kórìíra rẹ̀. Mo mọ ohun tójú wọn ti rí. Síbẹ̀, ẹ má dán an wò, yálà ewé ni o tàbí disulfiram. Ẹni tí kò mọ̀ pé òun ti lo oògùn lè mu ìgò kan gbáko, ọkàn ẹ̀ sì lè dá dúró.

Ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ wá ń kọ́. Ẹni tó fi ọtí sílẹ̀ ti pàdánù gbogbo àwọn tó ń bá a jókòó nírọ̀lẹ́. Ní 1935, ọ̀mùtí méjì ní ìlú Akron ní Amẹ́ríkà dá ẹgbẹ́ Alcoholics Anonymous sílẹ̀ kí àwọn tó ti mọ ọtí lè máa ran ara wọn lọ́wọ́. Nílé níbí, Àjàṣẹ́ ni Oshoffa ti dá ìjọ Sẹ̀lẹ́ sílẹ̀ ní 1947, òfin wọn kò sì gba ọtí. Mọ́ṣáláṣí náà kò gbà á. Ẹni tó bá rí ààyè jókòó síbẹ̀ ti rí ìrànlọ́wọ́ ńlá. Kó ṣáà jẹ́ pé ìtọ́jú ilé ìwòsàn ló ṣáájú. Ọmọ ilẹ̀ wa, Grégoire Ahongbonon, tí wọ́n bí ní Kétoukpè lẹ́bàá ààlà Nàìjíríà, ti fi ọ̀pọ̀ ọdún tú àwọn aláìsàn ọpọlọ kúrò nínú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ ní ilé àti ní ibùdó àdúrà. Ẹgbẹ́ rẹ̀, Saint Camille, ní ibùdó ìtọ́jú ní Avrankou, kò jìnnà sí Àjàṣẹ́.

Ìsìnkú ọjọ́ Sátidé ló ń fa ọ̀pọ̀ padà. Ẹ jẹ́ kó ta ọtí sílẹ̀ fún àwọn tó ti lọ, kó sì fi omi ṣe tiẹ̀. Agbo jẹ̀díjẹ̀dí tí wọ́n fi sódàbì rẹ náà, ọtí ni, ẹ má tan ara yín.

Bó bá sì tún mu, bí ọ̀pọ̀ ṣe máa ń ṣe kí wọ́n tó bọ́, ẹ tètè mú un padà sọ́dọ̀ dókítà. Ẹ má tì í mọ́ yàrá pé ó mọ̀ ọ́n ná: bí èèyàn bá ṣe ń gé ọtí lójijì léraléra tó, bẹ́ẹ̀ ni gìrì ti ìgbà tó ń bọ̀ á ṣe máa le sí i.