Gìgísẹ̀ ni wọ́n wọ̀n, ìbàdí là ń bẹ̀rù

Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn àgbà wa sọ ní Yaba nìyí, mo tò ó síbí fún ẹ̀yin tẹ́ ò ráyè wá.

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin màmá, ẹ̀yin bàbá. Ẹ ti máa ń rí wọn lábẹ́ kánópì, wọ́n á ní kẹ́ ẹ wá yẹ egungun yín wò lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ ó bọ́ bàtà, wọ́n á fi jẹ́ẹ̀lì pa gìgísẹ̀ yín, ẹ ó ki ẹsẹ̀ bọ inú ẹ̀rọ kékeré kan, kò ní pẹ́ tí bébà á fi jáde. Màmá kan wá bi mí pé, "Ọmọ mi, ìbàdí ló ń já mi láyà, kí ló kan gìgísẹ̀ níbẹ̀?"

Ìbéèrè gidi. Ọrùn egungun itan, níbi tó ti wọnú ìbàdí, wà lára ibi tó máa ń kán tí àgbàlagbà bá ṣubú, àmọ́ ibẹ̀ jìn, ẹran àti ọ̀rá bò ó, bẹ́ẹ̀ ìró tétí ò lè gbọ́ ni ẹ̀rọ kékeré yẹn ń lò, ìró tẹ́ ẹ bá rán lọ síbẹ̀ á ti fọ́nká kó tó jáde. Gìgísẹ̀ ní tiẹ̀, ẹran ara ẹ̀ ò pọ̀, ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, inú ẹ̀ sì rí ihò ihò bí inú búrẹ́dì Agége, irú egungun bẹ́ẹ̀ ló sì ń tètè ṣófo lẹ́yìn tí nǹkan oṣù bá ti dúró.

Ẹ̀rọ náà á rán ìró láti ẹ̀gbẹ́ kan, á gbà á ní ìkejì. Ọdún 1984 ni onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, Langton, àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé e jáde pé egungun tó le máa ń gbé ìró mì jù, èyí tó ti ṣófo ló ń jẹ́ kó kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́. Ó máa ń ya èèyàn lẹ́nu, àmọ́ bẹ́ẹ̀ ni. Ìró tún máa ń sáré jù nínú egungun tó le. Ní Faransé, ìwádìí EPIDOS tó jáde ní 1996 tọ obìnrin 5,662 lẹ́yìn, àgbàlagbà ni gbogbo wọn, àwọn tí gìgísẹ̀ wọn ò dáa ni ìbàdí wọn ń kán jù, ẹ̀rọ ìró yìí sì fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ̀ ọ́n sọ tó DXA, ẹ̀rọ tó ń fi X-ray wọn egungun.

Ibi tó ń bí mi nínú rèé. Wọ́n á rí -2.5 lórí bébà, ìyẹn máàkì tó ń fi egungun yín wé ti ọ̀dọ́, wọ́n á ní egungun màmá ti jẹ tán, tábìlì kejì ni wọ́n ti ń ta kálísíọ́ọ̀mù. Ẹ gbọ́ o, -2.5 tí WHO, àjọ ìlera àgbáyé, fi lélẹ̀ ní 1994, ti DXA ni, kì í ṣe ti gìgísẹ̀. Tí ti gìgísẹ̀ bá lọlẹ̀, ẹ lọ ṣe DXA, ẹ má sì fi ẹ̀rọ gìgísẹ̀ wò ó bóyá oògùn ń ṣiṣẹ́, kò mọ̀ ọ́n.

Ẹsẹ̀ wíwú náà ń dà á rú. Ẹni tó ti dúró tajà ní Balógun látàárọ̀, tí ojú okùn sálúbàtà ti rì sínú ẹsẹ̀ ẹ̀, omi ti wà nínú ẹran yẹn, nọ́ńbà tó bá jáde ò ṣeé gbára lé. Ẹsẹ̀ tó tutù náà ń yí i padà. Àárọ̀ ni kẹ́ ẹ lọ.

Nọ́ńbà nìkan kọ́ o. Ṣé ìbàdí màmá tàbí bàbá yín kán rí? Ṣé egungun yín ti kán rí nígbà tẹ́ ẹ kàn ṣubú lórí ìdúró? Dexamethasone tí wọ́n ń pè ní Dexa ńkọ́, kì í ṣe DXA o, tábílẹ́ẹ̀tì táwọn kan ń rà ní kẹ́mísì kí wọ́n lè sanra? Ó ń jẹ egungun. Bébà yẹn ò sì mọ balùwẹ̀ tó ń yọ̀, kò mọ dánfó tí ò ní dúró dáadáa lẹ́yìn tí kọ́ńdọ́ bá ti pariwo "ó wà!", bẹ́ẹ̀ ṣíṣubú ló ń kán ọ̀pọ̀ ìbàdí, pàápàá téèyàn bá fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀.

Bàbá kan bèèrè pé sikáànì tí wọ́n fi ń wo oyún ńkọ́, ṣé kò lè wo ìbàdí òun tààrà? Mo ní bàbá, ẹ ò jìnnà sí i. Àwọn ará Lecce ní Ítálì ti ṣe irú ẹ̀, REMS ni wọ́n ń pè é, orí ìbàdí gan-an ni wọ́n ń gbé e lé, ìró tó ta padà ló ń kà, kò nílò kí ìró kọjá sódì kejì. Èyí tí wọ́n fi ń wo oyún ládùúgbò yín ò lè ṣe é, torí sọ́fíwíà tó ń ka ìró yẹn ò sí nínú ẹ̀.