Àwòrò Tó Bo Ojú Bí Ẹyẹ: Ìwà Ìkà Nínú Tẹ́ḿpìlì Íjíbítì Àtijọ́

Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin ará. Àwòrò kan ni mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ lé lórí, ọ̀pọ̀ nínú yín ló sì ti fi ọwọ́ ara yín pa á. Medunamun ni, nínú géèmù Assassin's Creed Origins tí iléeṣẹ́ Ubisoft gbé jáde lọ́dún 2017. Ìkà ènìyàn ni, ikú rẹ̀ kì í sì í dun ẹni tó ń gbá géèmù náà. Èmi náà kò bá a kẹ́dùn. Ohun tó ń dùn mí ni pé irú ìwà ìkà tí wọ́n fún un kọ́ ló wà nínú tẹ́ḿpìlì Íjíbítì, bẹ́ẹ̀ èyí tó wà níbẹ̀ gan-an burú ju tirẹ̀ lọ, ó sì dùn ún gbọ́ ju tirẹ̀ lọ.

Fún ẹni tí kò mọ ìtàn náà: Bayek, ẹ̀ṣọ́ ìlú Siwa, ni àwọn kan tó bo ojú jí gbé pẹ̀lú Khemu, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin. Wọ́n mú wọn lọ sábẹ́ tẹ́ḿpìlì òrìṣà Amun pé kí Bayek ṣí ilẹ̀kùn ibi ìkọ̀kọ̀ kan. Níbi tó ti ń bá ọ̀kan nínú wọn wọ̀yá ìjà ni ọ̀bẹ ọwọ́ Bayek ti gún ọmọ náà láyà. Nígbà tí Bayek fi máa padà sílé, ní nǹkan bí ọdún 49 ṣáájú ìbí Kristi, Medunamun, ọ̀kan nínú àwọn tó bo ojú náà, tí wọ́n ń pè ní Ibis, ló di ẹnu Amun mú ní Siwa. Ohun tó bá sọ, Amun ló sọ ọ́. Ó ń fìyà jẹ ará ìlú, ó sì gbẹ́kẹ̀ lé ohun abàmì kan tó ń tàn yanran. Bayek wọlé tọ̀ ọ́, ó sì pa á.

Ibi tí mo ti fẹ́ kí a dúró wò ó dáadáa ni bí Amun ṣe ń sọ̀rọ̀. Siwa jìnnà sínú aṣálẹ̀, lápá ibi tí Íjíbítì ti bá Líbíyà pààlà. Ibẹ̀ ni Alexander Ńlá, ọba Makedóníà, gbà lọ lọ́dún 331 ṣáájú ìbí Kristi láti bèèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ Amun. Diodorus, òǹkọ̀tàn ará Gíríìkì, kọ ọ́ pé ọgọ́rin àwòrò ló ń gbé òrìṣà náà lé èjìká nínú ọkọ̀ wúrà kan, pé kì í ṣe ibi tó wù wọ́n ni wọ́n ń lọ, ibi tí òrìṣà bá darí wọn sí ni. Ní Thebes, ìlú Amun ní gúúsù Íjíbítì, a máa bèèrè ọ̀rọ̀, ọkọ̀ náà á sún síwájú bí òrìṣà bá gbà, á fà sẹ́yìn bí kò bá gbà. Ní abúlé Deir el-Medina, tí àwọn tó ń gbẹ́ ibojì Fáráò ń gbé, àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ fúnra wọn ló ń gbé òrìṣà wọn, òun ló sì ń bá wọn dá ẹjọ́ olè àti ẹjọ́ ilé.

Ẹ rí i pé kò sí ẹnì kan ṣoṣo tó di ẹnu òrìṣà mú. Orí èjìká ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ọ̀rọ̀ náà wà. Kódà ẹni tí ìdájọ́ kò tẹ́ lọ́rùn lè gbé ẹjọ́ lọ sọ́dọ̀ Amun ti ojúbọ mìíràn. Ìwé àtijọ́ kan wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù, nípa àgbẹ̀ kan tí Amun fi hàn gẹ́gẹ́ bí olè tó jí aṣọ. Ó ní irọ́ ni. Ó gba ọ̀dọ̀ Amun abúlé tirẹ̀ lọ, ìyẹn náà dá a lẹ́bi. Kò tíì gbà, àfìgbà tí Amun kẹta dá sí i.

Strabo, òǹkọ̀wé ará Gíríìkì tó dé Íjíbítì ní nǹkan bí ọdún 25 ṣáájú ìbí Kristi tilẹ̀ kọ ọ́ pé àwọn ènìyàn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ojúbọ Siwa tì tán nígbà ayé tirẹ̀. Ayé Cleopatra tí géèmù náà dá lé kò jìnnà sí ìgbà yẹn.

Ta wá ni ìkà inú tẹ́ḿpìlì ní tòótọ́? A mọ orúkọ ọ̀kan: Penanuqet, àwòrò òrìṣà Khnum ní erékùṣù Elephantine, ní ìhà gúúsù pátápátá Íjíbítì, nígbà ayé Fáráò Ramesses Kẹrin àti Ìkarùn-ún, láàárín ọ̀rúndún kejìlá ṣáájú ìbí Kristi. Ìwé ẹ̀sùn tí wọ́n kọ nípa rẹ̀ wà ní Turin ní Ítálì títí dòní. Mo rọ̀ yín, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ohun tó wà níbẹ̀. Wọ́n ní ó ta ọmọ màlúù mímọ́ tẹ́ḿpìlì. Wọ́n ní ó jí aṣọ. Àwòrò tó bá fẹ́ gbé òrìṣà gbọ́dọ̀ mu omi kán-ún fún ọjọ́ mẹ́wàá kí inú rẹ̀ lè mọ́. Ọjọ́ méje péré ni Penanuqet mu, ó sì wọlé lọ gbé òrìṣà. Akọ̀wé ilé ìṣúra kan ti mú kí àwòrò tó jẹ́ ọ̀gá Penanuqet búra pé òun kò ní jẹ́ kó wọlé. Ó wọlé náà ni.

Ẹ̀sùn tó bà mí lọ́kàn jẹ́ jù nínú gbogbo rẹ̀ ni ti oyè. Wọ́n yan ọkùnrin kan ṣe olórí tẹ́ḿpìlì náà. Penanuqet àti àwọn àwòrò ẹgbẹ́ rẹ̀ pàdé pọ̀, wọ́n ní àwọn yóò mú kí òrìṣà fúnra rẹ̀ lé ọkùnrin náà kúrò. Ṣé ẹ rí i? Àwọn tó ń gbé òrìṣà ni. Bí àwọn díẹ̀ lára wọn bá ti sọ̀rọ̀ pọ̀ ní kọ̀rọ̀, tí wọ́n tẹ èjìká síhìn-ín díẹ̀, òrìṣà ti fọhùn nìyẹn. Kò gba idán, kò gba ohun tó ń tàn yanran. Ẹni tó wà lójúde tó ń wò, tó gbé ìṣòro rẹ̀ wá, kò lè mọ̀ láéláé. Mi ò mọ ìwà ìkà tó jinlẹ̀ ju èyí lọ.

Nínú ìwé kan náà, ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi kan tó ń jẹ́ Khnumnakht ló yẹ kó máa gbé 700 àpò ọkà wá fún tẹ́ḿpìlì lọ́dọọdún. Àwọn ọdún kan wà tó jẹ́ pé 20 àpò ló gbé dé. Ọdún kan wà tí kò gbé ohunkóhun dé. Nígbà tí wọ́n ṣírò rẹ̀ tán, ó ju 5,000 àpò lọ tó ti sọnù, òun àti àwọn akọ̀wé àti àwọn àgbẹ̀ tẹ́ḿpìlì ni wọ́n jọ pín in. Àwọn tẹ́ḿpìlì yìí lọ́rọ̀ gan-an. Àkọsílẹ̀ ohun ìní Amun ní òpin ayé Ramesses Kẹta fi hàn pé ó ju 80,000 ènìyàn àti 400,000 ẹran ọ̀sìn lọ. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ nídìí pẹpẹ, ìdí pẹpẹ ni yóò ti jẹ. Àwọn yìí fẹ́ jẹ pẹpẹ mọ́ ọn.

Àwọn tó ń ṣe géèmù fojú fo ohun mìíràn, bẹ́ẹ̀ wọ́n fi orúkọ ẹyẹ ibis pe ìkà wọn. Ẹyẹ Thoth, òrìṣà ìwé kíkọ, ni ibis. Ní Saqqara, lẹ́bàá Memphis, àìmọye ibis ni wọ́n fi oògùn ìsìnkú tọ́jú kí wọ́n má bàa jẹrà, wọ́n a sì kó wọn sínú ìkòkò amọ̀ lábẹ́ ilẹ̀. Olùjọsìn á sanwó, wọ́n á fi ẹyẹ kan rúbọ lórúkọ rẹ̀. Ní ọ̀rúndún kejì ṣáájú ìbí Kristi, Hor, akọ̀wé tó ń sin ibis níbẹ̀, kọ ẹjọ́ sórí àpáàdì pé àwọn ìranṣẹ́ ń ṣe jìbìtì. Wọ́n ju àwọn kan sẹ́wọ̀n, wọ́n sì fi òfin lélẹ̀: òrìṣà kan, ìyẹn ẹyẹ kan, nínú ìkòkò kan. Nígbà tí àwọn onímọ̀ Yunifásítì Manchester yẹ òkú ẹranko tí wọ́n fi oògùn tọ́jú bẹ́ẹ̀ wò, tó ju 800 lọ, wọ́n sọ lọ́dún 2015 pé nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ni kò ní ẹranko nínú rárá. Àwọn onímọ̀ kan ní kì í ṣe ẹ̀tàn ni gbogbo rẹ̀, pé ewéko tàbí ìyẹ́ tó wà nítòsí ẹyẹ mímọ́ náà níyì tirẹ̀. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Àmọ́ Hor mọ ohun tí ojú òun rí.

Akọ̀wé inú tẹ́ḿpìlì ni Hor. Akọ̀wé ilé ìṣúra tó fẹ́ dènà Penanuqet náà, ìdí iṣẹ́ òrìṣà ló wà. Ìdí nìyí tí n kò fi fara mọ́ àwòrán àwòrò kan tó burú tí akọni kan wá láti òde wá pa. Àwọn tó bẹ̀rù òrìṣà gidi ló tú àwọn tí kò bẹ̀rù rẹ̀ fó. Géèmù náà tilẹ̀ ní irú ẹni bẹ́ẹ̀: Pasherenptah, olórí àwòrò òrìṣà Ptah ní Memphis, tó gbé ayé ní tòótọ́, tó sì dé Ptolemy Kejìlá, bàbá Cleopatra, ládé nígbà tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìnlá.

Ọ̀dọ́kùnrin kan bi mí léèrè lẹ́yìn ọ̀rọ̀ mi bóyá ẹnikẹ́ni máa ra géèmù tí wọ́n ti ń ka àpò ọkà. Mo ní kó gbé ara rẹ̀ sí ipò akọ̀wé kan ní èbúté Elephantine. Ọkọ̀ Khnumnakht ti gúnlẹ̀. 700 ló wà nínú ìwé rẹ, 20 ló wà nínú ọkọ̀. Ẹni tó yẹ kí o fẹjọ́ sùn wà lára àwọn tó ń pín in. Lọ́la, wọ́n á gbé òrìṣà jáde, ìwọ yóò sì bèèrè níwájú gbogbo ìlú pé ta ló jí ọkà. Yan àwọn tí yóò gbé òrìṣà.