Ohun Tí Ẹ Lè Pè Nílé Oúnjẹ Vietnam Bí Ẹ Bá Ń Ṣọ́ Kálórì

Ẹ káàbọ̀, ẹ̀yin òǹwòran wa. Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé oúnjẹ Vietnam kì í mú èèyàn sanra, torí pé ewé pọ̀ nínú rẹ̀, omi ọbẹ̀ rẹ̀ sì máa ń mọ́ gaara. Òótọ́ wà níbẹ̀. Àmọ́ nídìí tábìlì kan náà, ẹnìkan lè jẹ nǹkan bí 400 kálórì kó sì yó, kí ẹnìkejì rẹ̀ jẹ 1,200 láìmọ̀. Ẹran kọ́ ló sábà máa ń fa ìyàtọ̀ yẹn. Òróró ni, ṣúgà ni, sọ́ọ̀sì inú abọ́ kékeré ni, àti bí núdù tàbí ìrẹsì ṣe pọ̀ tó. Gbogbo wọn ló ṣeé dín kù kí oúnjẹ tó kúrò ní kíṣìnnì, bí ẹ bá mọ ohun tí ẹ ó sọ.

Mẹ́nù ni ká ti bẹ̀rẹ̀. Yálà Kingsland Road ní Hackney nílùú London lẹ wà, tàbí Bellaire Boulevard ní Houston, níbi tí àwọn ọmọ Nàìjíríà àti àwọn ará Vietnam ti jọ ń gbé àdúgbò, wọ́n sábà máa ń kọ orúkọ oúnjẹ ní èdè Vietnam. Orúkọ yẹn ló ń sọ bí wọ́n ṣe sè é. Chiên ni èyí tí wọ́n dín nínú òróró púpọ̀. Àwọn ará àríwá ń pè é ní rán. Xào ni èyí tí wọ́n fi òróró yí lórí iná tó le. Kho ni èyí tí wọ́n fi ṣúgà jíjó àti omi ẹja oníyọ̀ sè títí tó fi ki. Nướng ni sísun lórí iná. Hấp ni èyí tí ooru omi nìkan sè jinná, bí a ṣe ń se mọ́ínmọ́ín. Luộc ni bíbọ̀. Canh ni ọbẹ̀ olómi, gỏi ni ewé àti èso tútù tí wọ́n gé pọ̀, cuốn sì ni èyí tí wọ́n ká.

Bí ẹ bá rí hấp, luộc, canh tàbí cuốn, ọkàn yín lè balẹ̀. Nướng náà dára, àmọ́ ṣúgà máa ń wà nínú ohun tí wọ́n fi pa ẹran náà lára kí wọ́n tó sun ún. Bí ẹ bá rí chiên tàbí xào, ẹ dúró ná: òróró ṣíbí ìjẹun kan péré tó 120 kálórì, agbára káká sì ni alásè fi ń lo ṣíbí kan. Gỏi gan-an fẹ́ àkíyèsí díẹ̀. Gỏi gà, ìyẹn adìẹ àti kábéèjì, àti gỏi đu đủ, ìyẹn ìbẹ́pẹ tí kò tíì pọ́n, fúyẹ́ dáadáa, ṣùgbọ́n wọ́n máa ń fọ́n àlùbọ́sà díndín àti ẹ̀pà sí i lórí, wọ́n á tún fi ìpékeré oní-edé sẹ́gbẹ̀ẹ́. Òróró ni wọ́n fi dín ìpékeré yẹn. Ẹ ní kí wọ́n má gbé e wá rárá, torí bó bá ti dé orí tábìlì, ẹ ó jẹ ẹ́.

Ó wá kan phở, ìyẹn ọbẹ̀ olómi tí núdù ìrẹsì àti ẹran wà nínú rẹ̀. Eegun màlúù tí wọ́n sè fún ọ̀pọ̀ wákàtí, pẹ̀lú atalẹ̀ àti àlùbọ́sà tí wọ́n ti sun, ni omi rẹ̀. Bí alásè bá gbọ́n ọ̀rá ojú rẹ̀ kúrò, kálórì omi náà kò tó nǹkan. Inú núdù ni kálórì wà: 100 gíráàmù núdù ìrẹsì tó ti jinná ní nǹkan bí 110. Abọ́ kékeré tó gba 200 gíráàmù núdù àti 100 gíráàmù ẹran tí kò lọ́ràá máa ń wà láàárín 400 sí 450. Abọ́ ńlá tí wọ́n di núdù 350 gíráàmù sí, tí ẹran rẹ̀ lọ́ràá, tí sọ́ọ̀sì tún wọ̀ ọ́, lè kọjá 750. Abọ́ kékeré ni kẹ́ ẹ pè, kẹ́ ẹ sì ní kí wọ́n fi ewé kún un. Ẹ tún ṣọ́ra fún phở xào àti phở áp chảo. Núdù kan náà ni, inú òróró ni wọ́n ti dín in.

Ẹran tí ẹ bá yàn ṣe pàtàkì. Tái ni ẹran pupa tí wọ́n gé fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, tí omi gbígbóná inú abọ́ ń sè. Kì í sábà lọ́ràá. Kí aláboyún yẹra fún un, kó pe chín, èyí tó ti jinná láti kíṣìnnì. Gầu ni ẹran igẹ̀ tí ọ̀rá funfun lẹ̀ mọ́, òun ló dùn jù, òun náà ló ní kálórì jù. Sách ni ṣàkì, kálórì rẹ̀ kéré ju ti ọ̀pọ̀ ẹran lọ, ìròyìn ayọ̀ nìyẹn fún àwa tí a kì í fi ṣàkì ṣeré. Bí ó bá jẹ́ phở gà, ti adìẹ, ẹ ṣí awọ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Àwọn ilé oúnjẹ kan tún máa ń bu ọ̀rá orí ìkòkò sínú abọ́ kó lè ládùn. Nước béo ni wọ́n ń pè é. Ẹ sọ pé "không nước béo", ẹ ò fẹ́ ọ̀rá. Bí ahọ́n yín kò bá gbé e, ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù kẹ́ ẹ fi hàn wọ́n.

Sọ́ọ̀sì wá ńkọ́? Ní àríwá Vietnam tí phở ti bẹ̀rẹ̀, wọn kì í da nǹkan púpọ̀ sí i. Lẹ́yìn tí wọ́n pín orílẹ̀-èdè náà sí méjì lọ́dún 1954, ọ̀pọ̀ ará àríwá ṣí lọ sí gúúsù, ibẹ̀ sì ni èéhù ẹ̀wà, ewé púpọ̀ àti hoisin, sọ́ọ̀sì dúdú aládùn, ti di ara rẹ̀. Àwọn ará gúúsù ló pọ̀ jù nínú àwọn tó sá lọ sí Amẹ́ríkà nígbà tí ogun parí lọ́dún 1975, ìdí nìyẹn tí phở tòkè òkun fi sábà máa ń ládùn bíi ṣúgà ju ti Hà Nội, olú ìlú tó wà ní àríwá. Hoisin ṣíbí ìjẹun kan tó 35 kálórì, ṣúgà àti iyọ̀ sì kún inú rẹ̀. Ẹ má ṣe tẹ̀ ẹ́ sínú omi ọbẹ̀. Ẹ fi díẹ̀ sínú àwo kékeré, kẹ́ ẹ máa ki ẹran bọ̀ ọ́. Ọsàn wẹ́wẹ́, ata tútù, àti húng quế tó jẹ́ ìbátan efinrin, ni kẹ́ ẹ dà sínú omi náà. Adùn wọn pọ̀, wọn kò sì ní kálórì tó yẹ ká máa kà.

Iyọ̀ ni ìṣòro tí kálórì kì í fi hàn. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà má jẹ tó 2,000 mílígíráàmù sódíọ̀mù lóòjọ́, ìyẹn iyọ̀ gíráàmù 5. Omi ẹja oníyọ̀ ṣíbí ìjẹun kan ṣoṣo lè ní 1,400, abọ́ phở kan sì sábà máa ń kọjá 1,000. Ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru lè jẹ núdù, ẹran àti ewé rẹ̀ tán, kó fi omi sílẹ̀. Wọn ò ní bínú sí yín.

Àwọn ilé oúnjẹ kan ń pe nǹkan méjì ní spring roll, ẹ wò wọ́n dáadáa. Gỏi cuốn jẹ́ bébà ìrẹsì tí wọ́n ká mọ́ edé, ẹran bíbọ̀, létùsì, ewé míǹtì àti núdù díẹ̀. Ẹyọ kan wà láàárín 80 sí 120 kálórì. Chả giò ni wọ́n dín, òróró ló mu. Ìdẹkùn gỏi cuốn ni sọ́ọ̀sì ẹ̀pà tó ń bá a rìn, torí ṣíbí méjì rẹ̀ lè tó kálórì ẹyọ kan odindi. Ẹ gba nước chấm dípò rẹ̀: omi ẹja, ọsàn wẹ́wẹ́, ṣúgà díẹ̀, omi, aáyù àti ata. Ẹni tí ẹ̀pà kì í bá lára mu gbọ́dọ̀ sọ ọ́ kó tó pe ohunkóhun.

Lójú tiwa, bún gà nướng tàbí bún thịt nướng, ìyẹn núdù ìrẹsì tẹ́ẹ́rẹ́ pẹ̀lú adìẹ tàbí ẹran ẹlẹ́dẹ̀ sísun, ló rọrùn jù láti tún ṣe, torí gbogbo nǹkan inú abọ́ náà ló dá dúró: núdù, ewé, kùkúńbà, ẹran sísun, ẹ̀pà, mỡ hành tó jẹ́ àlùbọ́sà eléwé inú òróró gbígbóná, àti chả giò tí wọ́n gé lé e nígbà mìíràn. Ẹ sọ pé "ít bún, nhiều rau", núdù díẹ̀, ewé púpọ̀, kẹ́ ẹ fi "không mỡ hành" kún un. Ẹ má da gbogbo sọ́ọ̀sì inú kọ́ọ̀bù sí i. Ṣíbí mẹ́ta ti tó bí ẹ bá rò ó pọ̀ dáadáa. Cơm tấm, ìyẹn ìrẹsì tó ṣẹ́ wẹ́wẹ́ tí wọ́n ń fi ẹran jẹ, nira díẹ̀, torí ìrẹsì nìkan lè tó 300 gíráàmù, ìyẹn 390 kálórì kí ẹran tó dé. Ẹ ní kí wọ́n bu ìdajì.

Bí ẹ bá pọ̀ nídìí tábìlì, ẹ pe canh chua. Ọbẹ̀ ẹja kíkan ti agbègbè odò Mekong ni, àjàgbọn ló ń mú un kan, tòmátì, ọ̀pẹ̀yìnbó, èéhù ẹ̀wà àti ilá sì wà nínú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, ilá! Pẹ̀lú ẹja tí wọ́n fi ooru sè, cá hấp, àti ìrẹsì abọ́ kékeré kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, gbogbo yín á yó.

Ohun mímu: trà đá, tíì tútù tí kò ní ṣúgà. Cà phê sữa đá, ìyẹn kọfí tútù onímílíìkì, dùn, àmọ́ mílíìkì agolo tó ki yẹn ní nǹkan bí 65 kálórì nínú ṣíbí ìjẹun kan, wọ́n sì lè fi méjì tàbí mẹ́ta sí i. Ẹ ní kí wọ́n fi ẹyọ kan.

Bó bá jẹ́ ilé lẹ fẹ́ gbé phở lọ, ẹ ní kí wọ́n di omi rẹ̀ lọ́tọ̀. Ẹ gbé e sínú fíríìjì di ọjọ́ kejì. Ọ̀rá rẹ̀ á dì sójú omi, ẹ fi ṣíbí kó o dànù, kẹ́ ẹ wá gbé omi náà kaná títí yóò fi hó.