Ta Ló Lè Dúró De Gàrí Kó Tó Kan?

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ kú ìjókòó. Ta ló máa wá kọ́ Ìjẹ̀bú ní gàrí? Ìdí tí ẹni tó gbin ẹ̀gẹ́ fi jẹ́ tálákà ni mo bá wá, nígbà tó jẹ́ pé gàrí wa lówó lórí.

Wọ́n máa ń ní irè oko ni kò pọ̀ tó. Èmi ò gbà. Nàìjíríà ló ń gbin ẹ̀gẹ́ jù lágbàáyé. Nígbà tí kòkòrò kan láti Gúúsù Amẹ́ríkà fẹ́ jẹ ẹ̀gẹ́ Áfíríkà run, àwọn onímọ̀ IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ ọ̀gbìn tó wà ní Ìbàdàn, mú agbọ́n kékeré kan wá láti Paraguay, òun ló kápá rẹ̀. Hans Herren tó ṣáájú iṣẹ́ náà gba World Food Prize, ẹ̀bùn àgbáyé fún iṣẹ́ lórí oúnjẹ, ní 1995. Ẹ̀gẹ́ wà. Owó ni kò dé ọwọ́ àgbẹ̀.

Ọjọ́ ni kí ẹ wò. Ẹ̀gẹ́ inú ilẹ̀ lè dúró fún oṣù púpọ̀, àmọ́ bí ẹ bá ti fà á tu, ọjọ́ méjì sí mẹ́ta ni inú rẹ̀ á ti máa dúdú. Alájàpá mọ̀ bẹ́ẹ̀. Á ní òun ò rà mọ́, á jókòó sínú ọkọ̀ rẹ̀, títí àgbẹ̀ á fi gba iye tó bá dá. Owó ọkọ̀ tún ńkọ́? Gàrí inú tọ́ọ̀nù ẹ̀gẹ́ kan kì í sábà ju ìdámẹ́rin lọ. Ìyókù, omi àti èèpo ni. Àṣé omi là ń sanwó ọkọ̀ fún láti oko Ìjẹ̀bú-Igbó! Lójú tèmi, ẹ̀rọ ìrinẹ̀gẹ́ àti jáákì tí a fi ń fún omi rẹ̀ nínú abúlé sàn ju ajílẹ̀ ọ̀fẹ́ lọ.

Kí gàrí tó kan bí ti Ìjẹ̀bú, ó yẹ kó lo bí ọjọ́ mẹ́ta, mẹ́rin nínú àpò kí a tó yan án. Ìyá tí wọ́n lé ọmọ rẹ̀ wálé nítorí owó ilé-ìwé kò ní ọjọ́ mẹ́rin. Lọ́jọ́ kejì, agbada ti wà lórí iná. Ó gbé e dé ọjà Ìta-Àlẹ̀, alárọ́bọ̀ tọ́ ọ wò, ó yínmú. Ẹni tó lówó lọ́wọ́ ló lè dúró, òun ló sì ń jèrè ìdúró.

Àìlọ́jọ́ yìí máa ń ṣe ju owó lọ. Ẹ̀gẹ́ kíkorò ní oró, ó fẹ́ àkókò kó tó jáde. Ní 1981, ọ̀dá dá ní Nampula, ní àríwá Mòsáḿbíìkì. Ebi ò jẹ́ kí wọ́n sá ẹ̀gẹ́ náà pẹ́ tó. Ẹsẹ̀ èèyàn tó lé ní 1,000 gan, obìnrin àti ọmọdé ló pọ̀ jù nínú wọn.

Ohun tí mo dá lábàá ni pé kí ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ máa yá àwọn obìnrin lówó lórí àpò tó wà lábẹ́ jáákì, kì í ṣe lórí ilẹ̀, torí ọ̀pọ̀ wọn ò nílẹ̀. Bí gàrí bá tà, wọn á san án.

Ìyá kan nawọ́, wọ́n ní: “Ta ni yóò ni jáákì ọ̀hún?” Mo ní kí ẹ kọ orúkọ àwọn tó ń yan gàrí sínú ìwé ẹgbẹ́ kí ẹ tó rà á.