Bí mo ṣe ń dán bíléèdì ayùn irin wò kí n tó sọ pé ó dára

Ẹ kú iṣẹ́ o, gbogbo ẹ̀yin oníṣẹ́ irin. Láti Òṣogbo, ìlú aró, ni mo ti ń bá yín sọ̀rọ̀, nínú ṣọ́ọ̀bù mi ní ọ̀nà Ìkìrun, níbi tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ jórinjórin. Láti ìgbà tí mo ti fi bíléèdì mẹ́ta wé ara wọn níwájú yín ni ẹ ti ń béèrè bí mo ṣe mọ èyí tí ó dára, àwọn kan sì ń béèrè ẹni tí ó ń fún mi lówó. Kò sí ẹni tí ó ń fún mi ní kọ́bọ̀. Owó àpò mi ni mo fi ń ra gbogbo ohun tí ẹ ń rí lórí tábìlì yìí, n kì í sì í jẹ́ kí ẹni tí ó ń tà á mọ ohun tí mo fẹ́ fi ṣe, nítorí pé bí ó bá mọ̀, yóò ṣa èyí tí ó dára jù fún mi.

Ọ̀gá tí ó kọ́ mi níṣẹ́ ti ṣiṣẹ́ rí ní ilé-iṣẹ́ Nigeria Machine Tools, èyí tí a dá sílẹ̀ ní ìlú wa níbí ní 1980 láti máa ṣe ẹ̀rọ tí a fi ń gé irin. Bí ẹnikẹ́ni nínú àwa ọmọ iṣẹ́ bá sọ pé nǹkan kan dára, ìbéèrè kan ṣoṣo ni bàbá náà máa ń bi wá: "Ẹ wọ̀n ọ́n?" Ohun tí mo fẹ́ kọ́ yín lónìí kò ju bí a ṣe ń wọ̀n ọ́n lọ.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ọjà. Mẹ́ta ni mo máa ń rà nínú irú bíléèdì kan, láti ìsọ̀ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀: ọ̀kan ní Ọjà Ọba, ọ̀kan ní Òkè-Báálẹ̀, ẹ̀kẹta níbikíbi tí mo bá bá a pàdé. Iye eyín wọn gbọ́dọ̀ dọ́gba. Eyín 18 nínú íńṣì kan ni gbogbo èyí tí mo kó síbí, nítorí pé irin tí ó nípọn ni a fẹ́ gé. Bí ẹ bá fi eléyín 18 wé eléyín 32, ẹ kò tíì dán ohunkóhun wò. Ó kéré tán, ó yẹ kí eyín mẹ́ta wà lórí irin ní ìgbà gbogbo tí a bá ń gé e. Bí ẹ bá gbé eléyín 18 lé páìpù tí ara rẹ̀ kò nípọn ju mìlímítà kan àti ààbọ̀ lọ, eyín kan péré ni yóò máa kàn án, páìpù náà yóò sì ká eyín yẹn dànù. Ọ̀pọ̀ bíléèdì tí a ń bú pé ayédèrú ni kò ní ẹ̀bi kankan ju pé a gbé iṣẹ́ tí kì í ṣe tirẹ̀ fún un.

Irin tí a ó gé ni ó kàn. Àwọn kan ń lo ọ̀pá irin róbótó tí a fi ń kọ́lé, èmi kò sì fara mọ́ ọn. Bí ayùn bá ṣe ń wọ inú irin róbótó ni ibi tí ó ń kàn yóò máa fẹ̀ sí i títí yóò fi dé àárín, lẹ́yìn náà yóò tún máa dín, tí ẹ kò ní mọ̀ bóyá bíléèdì ni ó kú tàbí irin ni ó fẹ̀. Ọ̀pá onígun mẹ́rin tí kò ní ihò nínú, èyí tí ó jẹ́ mìlímítà 16, ni kí ẹ rà. Ẹ gé mítà kan nínú rẹ̀ kí ẹ gbé e sórí òṣùwọ̀n; bí ó bá jẹ́ 16 lóòótọ́, kílò méjì ni yóò jẹ́. Èyí tí mo kọ́kọ́ rà kò tó kílò 1.8, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ó tà á fún mi sì ń búra pé 16 ni. Ara ọ̀pá kan náà ni kí ẹ ti gé gbogbo rẹ̀, nítorí pé líle ọ̀pá kan lè yàtọ̀ sí ti òmíràn.

Wàyí o, ẹ wo ẹ̀rọ yìí dáadáa, èyí tí mo ṣe kí ó máa fa ayùn dípò ọwọ́. Ọmọ iṣẹ́ mi, jọ̀wọ́, gbé kámẹ́rà súnmọ́ ọn. Mọ́tò wáípà ọkọ̀ akẹ́rù ni ohun tí ń yí yìí, bátìrì méjì ni mo sì so pọ̀ láti gbé e. Mo yan wáípà nítorí pé bí a bá fi í sí ìyára kékeré, nǹkan bíi ìyípo 45 ni ó ń yí ní ìṣẹ́jú kan, bẹ́ẹ̀ sì ni ẹni tí ó mọ ayùn irin lò dáadáa kì í fà á ju ìgbà 40 sí 60 lọ ní ìṣẹ́jú kan. Apá irin tí mo jó mọ́ ọn gùn tó sẹ̀ǹtímítà 9, èyí sì ń jẹ́ kí ayùn rìn tó sẹ̀ǹtímítà 18 ní àlọ àti 18 ní àbọ̀. Fírémù ayùn ni ó ń rìn lórí páìpù méjì yìí. Ní iwájú rẹ̀ ni mo so ike omi tí mo rọ iyanrìn kún sí, gbogbo rẹ̀ sì jẹ́ kílò méjì àti ààbọ̀. Iyanrìn ni mo lò, nítorí pé omi máa ń mì nínú ike, bí ó bá sì ti ń mì, agbára tí ó fi ń tẹ irin kò ní dọ́gba mọ́.

Alàgbà kan kọ̀wé sí mi pé ayùn ẹ̀rọ ńlá máa ń gbé ara rẹ̀ sókè nígbà tí ó bá ń bọ̀, kí eyín rẹ̀ má baà tètè kú. Òótọ́ ni bàbá sọ. Tèmi kò ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ìyà kan náà ni gbogbo wọn jẹ lórí rẹ̀.

Ẹ ki bíléèdì bọ inú fírémù kí eyín rẹ̀ kọjú síwájú. Nígbà tí ó bá nà tán, ẹ yí nọ́ọ̀tì tí ó ń fa bíléèdì le náà ní ìyípo mẹ́ta sí i, kí ẹ fi ìka ta á. Bí ó bá dún "tíín", ó ti tó. Ẹ fi fáìsì, ohun èlò tí a fi ń di irin mọ́ tábìlì, di irin mú. Ẹ wọ awò ìdáàbòbò ojú. Mo ti ṣe é láìwọ̀ ọ́ rí, bíléèdì kan ṣẹ́ lójijì, apá kan rẹ̀ sì ya mí ní òkè ojú ọ̀tún, àpá rẹ̀ nìyí. Bí ó bá wá sísàlẹ̀ ní ìwọ̀n ìka kan, ojú ni ìbá bá.

Ẹ tan ẹ̀rọ, kí ẹ sì máa kà á. Ìgbà tí ayùn bá lọ tí ó sì bọ̀, ẹyọ kan ni. Èmi máa ń dá a dúró ní 200, n ó sì fi kálípà, ohun èlò tí a fi ń wọn mìlímítà, wọn bí ojú gígé náà ṣe jìn tó. Ẹ má ṣe fi ìṣẹ́jú kà á, nítorí pé bí agbára bátìrì bá ti ń lọ sílẹ̀ ni ìyára mọ́tò náà ń lọ sílẹ̀, bíléèdì tí ẹ bá dán wò kẹ́yìn ni yóò sì jẹ gbèsè náà.

Ibi tí mo fẹ́ràn jù lọ nínú gbogbo rẹ̀ nìyí: ẹ má ṣe dúró ní ojú gígé kìn-ín-ní. Ẹ sún irin náà, kí ẹ fi bíléèdì kan náà gé e ní 200 mìíràn, kí ẹ tún ṣe ẹ̀kẹta. Ẹ wo bíléèdì pupa yìí: ó gé mìlímítà 7.2 ní ìgbà kìn-ín-ní, gbogbo wa sì yìn ín. Aláwọ̀ búlúù gé 6.5. Ní ìgbà kẹta, pupa kò lè ju 3.1 lọ, búlúù sì gé 6.1. Ẹni tí ó bá gé ẹ̀ẹ̀kan péré yóò lọ ra páálí pupa kan lọ sílé. Eyín tí ó mú ní ọwọ́ ìsọ̀ kò ṣòro láti ṣe. Eyín tí yóò ṣì mú nígbà tí ooru gígé irin bá ti wọ̀ ọ́ lára ni a ń fi owó wá.

Ọ̀rọ̀ ooru yìí ni ó mú mi dé orí lẹ́tà HSS (high-speed steel, irin líle tí ooru kì í tètè sọ di rírọ̀) tí wọ́n ń tẹ̀ sí ara gbogbo bíléèdì báyìí. Irin HSS tòótọ́ lè gbóná dé nǹkan bíi ìwọ̀n Celsius 600 kí líle rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ, ṣùgbọ́n irin lásán tí a mú le ti ń rọ̀ kí ó tó dé ìdajì èyí. Ẹ fi eyín bíléèdì kan òkúta ẹ̀rọ ìpọ́nrin fẹ́ẹ́rẹ́, kí ẹ pa iná ṣọ́ọ̀bù kí ẹ lè rí iná tí yóò máa ta jáde lára rẹ̀. Ti irin lásán yìí ń tàn yòò, ó sì ń fọ́ yẹ́bẹ́yẹ́bẹ́ bí ìràwọ̀. Ti HSS pupa díẹ̀, kò tàn púpọ̀, kò sì fọ́ bẹ́ẹ̀. Eyín nìkan ni kí ẹ fi kàn án o! Àwọn bíléèdì olówó iyebíye kan wà tí eyín wọn jẹ́ HSS ṣùgbọ́n tí ẹ̀yìn wọn jẹ́ irin tí ń tẹ̀, kí wọ́n má baà ṣẹ́. Bí ẹ bá fi ẹ̀yìn rẹ̀ kan òkúta, ẹ ó pe ojúlówó ní ayédèrú.

Ohun tí ó ń dùn mí ni àwọn tí ń fi ọwọ́ gé e lórí fídíò, tí wọ́n á ní èyí yá ju ìyẹn lọ. Ọwọ́ tí ó ti rẹ̀ kò tẹ irin bí ọwọ́ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí, ẹni tí ó bá sì ti fẹ́ràn ọ̀kan yóò tẹ ẹ́ le láìmọ̀. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá sọ pé ó dára, ẹ bi í ní ìbéèrè ọ̀gá mi: ẹ wọ̀n ọ́n?

Gbogbo àgékù irin tí mo gé ni mo kọ ọjọ́ àti àwọ̀ bíléèdì sí lára, inú agolo ọ̀dà yìí ni mo sì ń kó wọn sí. Ẹni tí kò bá gbà mí gbọ́ kí ó mú kálípà tirẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù. Ó ku aláwọ̀ ewé, tí mo ra mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rẹ̀ lánàá. Ọmọ iṣẹ́ mi ti so ike iyanrìn padà. Ó yá, tan ẹ̀rọ, kí o sì máa kà á sókè kí wọ́n lè gbọ́.